Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Orí Sàréè Lọ́nà Ìjàgbò

Òórùn òrí ló máa ń jí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá fẹ́ se òrí, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí òórùn náà á ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á kọjá lára àwọn tó sùn sórí ẹní, á wá bá mi níbi tí mo ká jọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ ọ́n. Ó ní èéfín nínú, ó ní ohun kan tó dà bí ẹ̀pà tó ta sínú iná, kì í sì í ṣe gbogbo imú ló gbà á. Ìyàwó kan tí wọ́n gbé wá sí agbo ilé wa láti ọ̀nà jíjìn máa ń fi ìborùn dí imú títí òrí á fi jinná. Ní tèmi, òórùn ilé nìyẹn. Mo ti bímọ méjì báyìí, bí mo bá sì wẹ èyí àbúrò tán, tí mo ń fi òrí ra á lára, àfi kí ojú mi tún rí ìkòkò dúdú yẹn, kí n rí Ìyá Àgbà lórí àpótí, tí ọwọ́ wọn rì dé ìgúnpá nínú ọpọ́n, tí wọ́n ń po èso òrí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pò ó, tí wọ́n ń pò ó, títí ọ̀rá funfun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Kí òrí náà tó dì, Bọ̀dá Sálíù á ti dé. Àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà ni, àbúrò bàbá mi. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pè é níhìn-ín. Nígbà yẹn, ta ni mo jẹ́? Ṣùgbọ́n mo ti ju ọjọ́ orí tó wà nígbà tó fi ayé sílẹ̀ lọ, ẹnu mi ò sì mọ bí a ṣe ń pe ẹni tó kéré síni ní "wọ́n". Á wá pẹ̀lú agolo sìgá òfìfo kan, á lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ bu ti ẹṣin mi."

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń pè lẹ́ṣin. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù l'Ọ̀fà, gírísì dúdú tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Reluwé ni wọ́n fi ń pa kẹ̀kẹ́ wọn. Òun kọ̀. Ó ní gírísì a máa kó eruku jọ, pé òrí tí ìyá òun fọwọ́ ara wọn sè ló ń mú irin lọ geere. Á tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ sábẹ́ igi mángòrò, á kó àwọn irin róbótó kéékèèké tó wà ní àárín rẹ̀ sínú àwo, á fi òrí pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún tò wọ́n padà. Tó bá tò ó tán, á sọ kẹ̀kẹ́ dorí kodò, á fi ìka kan ti ẹsẹ̀ iwájú, á ní kí n fi etí sí i. Kò ní sí ohun kan láti gbọ́. Ohun tó fẹ́ kí n gbọ́ náà nìyẹn.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa wa, pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Bọ̀dá Sálíù kò lè jàkadì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tínínrín bí ọmọ orógùn, àyà rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá sì gbá a mú, ilẹ̀ ló ń bá. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń ja tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin oníkẹ̀kẹ́ á kó ara wọn jọ síwájú téṣàn Reluwé, wọ́n á gùn ún dé Ìlémọnà, wọ́n á fọwọ́ kan igi kan níbẹ̀, wọ́n á yí padà. Àwa ọmọdé á ti gun orí òkìtì sílẹ̀ dè wọ́n. Bí a bá rí eruku pupa kan tó dá wà níwájú, tí ti àwọn yòókù ṣì wà lókèèrè, a kì í dúró wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ ká tó máa pariwo.

Ìyá mi nìkan ni eruku yẹn kì í dùn mọ́. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kálukú ló ń wá orúkọ fún wọn. Eléruku ni ìyá mi sọ Bọ̀dá Sálíù, torí ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n máa ń sá èlùbọ́ sí. Wọ́n á ní, "Eléruku, ẹ ti tún bù kún èlùbọ́ mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ ẹ́ o." Òun á ní kó túbọ̀ pọ̀, ìyàwó wa, ebi ń pa ẹni tó borí. Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó borí gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó jọ sí Ìlọrin, ife ẹ̀yẹ kan tó ń dán gbinrin ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó gbé e wá fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà yí i wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ó ṣe déédéé, ni wọ́n bá ń fi wọn òrí fún oníbàárà. Bàbá mi fajú ro díẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kó wà ní yàrá àlejò. Bọ̀dá Sálíù ní ibi tó yẹ kí ife náà wà ló wà yẹn.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló pa á. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa fi jàǹbá ọkọ̀ kún ìtàn náà kó lè dùn. Ibà ni. Ó ti ọ̀nà Òjòkú bọ̀ nínú òjò lọ́jọ́ kan, ó ní òtútù ń mú òun, kó tó di ọjọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àgbo, abẹ́rẹ́, omi tí Àáfà ṣàdúrà sí, kò sí èyí tí wọn ò lò fún un. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró ti ògiri, ó mọ́ tónítóní, bí ẹni ń retí olówó rẹ̀. Ó kú ní ìdájí ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa lè má mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá kú, iwájú ilé ni wọ́n máa ń sin ín sí, ọmọ á máa ṣeré lórí rẹ̀, wọ́n á máa sá ata sí i, ẹ̀rù kì í ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú ṣáájú ìyá, ìyá kò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní bí ojú ìyá bá fi lè kan ilẹ̀ tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sí, ilẹ̀ á tún béèrè èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn obìnrin ti Ìyá Àgbà mọ́ yàrá, wọ́n jókòó tì wọ́n, àwọn ọkùnrin sì gbé Bọ̀dá Sálíù gba ẹ̀yìnkùlé jáde lẹ́yìn tí Àáfà ti kírun sí i lára. Nígbà tí bàbá mi padà dé, amọ̀ pupa wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ìyá mi sáré bu omi, wọ́n fọ ọ́ dànù, kí Ìyá Àgbà má baà ti ara àwọ̀ amọ̀ mọ apá ibi tí wọ́n lọ.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ ò láyọ̀lé. Ẹni ọmọ sin ló bímọ." Wọ́n tún ní, "Àjàní ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Oríkì bàbá mi ni Àjàní. Bàbá mi nìkan ló kù fún Ìyá Àgbà nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí. Bí mo ṣe kéré tó, mo ti to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú ikùn mi: bí Ìyá Àgbà bá fojú kan sàréè Bọ̀dá Sálíù, bàbá mi ló kàn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé ló fà á, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ilẹ̀ ẹbí wa kan lójú ọ̀nà Ìjàgbò ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi òrí kan. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ kí koríko bo ojú ibẹ̀. Wọ́n ní kí bíríkìlà kan tó wà láàárín wọn fi sìmẹ́ńtì mọ odindi kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Àáfà ní rárá o, Mùsùlùmí kì í kọ́lé lé òkú lórí, áńbọ̀sì kó mọ ère sí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n kàn ri àmì kan mọ́lẹ̀ níbi orí, bí àwọn mìíràn ṣe ń ri òkúta. Kò sọ irú àmì tó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe tú ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Sálíù nìyẹn, tòun ti irin ẹlẹ́ka méjì tó dì í mú. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ri ìdí irin náà mọ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wà lókè, kó lè máa yí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á yí díẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá ń kọjá á sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ tì í, ìyẹn ni ìkíni tirẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan tí àwọn èèyàn wa ṣe. Sàréè tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún ìyá kan, àwọn náà ló tún ri àsíá mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi di ohun tí gbogbo ìlú ń fi júwe ọ̀nà. Oko lágbájá, bó o bá ti kọjá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ báyìí ni. Èrò inú lọ́rì á ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Nínú agbo ilé tiwa nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í dárúkọ rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Àgbà ra èso òrí wá láti Ìjàgbò, kí wọ́n má baà ní ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ní àwọn fẹ́ lọ fúnra àwọn, bàbá mi á ní afárá ti já. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á ní odò kún. Èmi náà kò jẹ́ kí ojú mi kúrò lára wọn. Bí wọ́n bá ti wé gèlè báyìí, mo ti ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, kí n lè rí ọ̀nà tí wọ́n yà sí. Wọ́n á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Àmọ̀kẹ́, ṣé ìrù mi ni ẹ́ ni?" Ilé ìwé nìkan ló ń gbà mí kúrò lẹ́nu ìṣọ́ yẹn.

Ó tó ọdún bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, tí a wà lólidé, bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tiwọn. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ lọ kó aṣọ fún àwọn kan ní Ìjàgbò. Ètè mi ti là, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà bí ẹ̀kọ tí wọn ò jọ̀. Bàbá mi kì í sábà yà síbi sàréè, apá kejì ni wọ́n máa ń kọjú sí tí wọ́n bá ń kọjá. Mi ò mọ ohun tó mú wọn yà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú agolo epo máṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ láti ilé. Wọ́n ní irin yẹn á ti dípẹtà, pé kò dáa kó rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìpẹtà ti mú àwọn wáyà rẹ̀, oòrùn sì ti sán táyà rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bàbá mi fi ọwọ́ ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó rò pé ó ti gan. Ó yí. Ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, kò dún rárá. Bàbá mi dá a dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ìka bọ àárín rẹ̀. Ìka náà jáde ní funfun. Wọ́n gbé e sí imú. Wọn ò tíì na ìka náà sí mi tí mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọrùn bàbá mi ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá wọ́n ti ń kú. Ẹkún bá gbé mi. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú."

Bàbá mi wò mí pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Wọ́n jókòó sórí koríko gbígbẹ, wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n ní kí n wo òrí yẹn dáadáa, pé kì í ṣe ti àná nìkan ló wà níbẹ̀. Tuntun wà lókè, èyí tó ti dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ti dì gbagidi tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. "Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń wá, Àmọ̀kẹ́. Èmi náà rèé láàyè." Ṣùgbọ́n a ò dé Ìjàgbò mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àgbà wà nídìí ọpọ́n nígbà tí a wọlé. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi gbé agolo epo sílẹ̀ níwájú ìyá wọn.

"Ìyá, epo tí mo gbé lọ ò wúlò."

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. "Epo máṣíìnì kọ́ ló ń lò."

Bàbá mi béèrè pé ta ló sọ fún wọn.

"Ta ni kò sọ fún mi? Alájàpá tó ń ra òrí lọ́wọ́ mi ló ní kí n pàdé òun nídìí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Sálíù. Mo ní, Sálíù wo? Ó ní, Ìyá, Sálíù mélòó ló ń gun kẹ̀kẹ́?" Wọ́n nu ọwọ́ sétí ọpọ́n. "Afárá tó já, mo gbọ́. Odò tó kún lẹ́ẹ̀rùn, mo gbọ́. Mo ní kí n má dójú tì yín."

Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lóṣòó, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹ wò ó ni?"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà tó gbójú sókè. "Àjàní, ìwọ lo kù fún mi. Ṣé ojú ara mi ni n óò fi wá ikú kàn ọ́? Mo kọ ẹ̀yìn sí i ni. Ọwọ́ ni mo nà sẹ́yìn. Mi ò wo ilẹ̀ yẹn rí, mi ò sì ní í wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń ké. Kẹ̀kẹ́ Sálíù, ó ń ké bí ológbò. Ṣé kí n kọjá lọ ni?"

Bàbá mi mú agolo epo wọn, wọ́n padà sídìí máṣíìnì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó lọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa bá Ìyá Àgbà lọ. Wọ́n ní ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn, kòtò lè mú un, èmi ni kí n máa bá wọn wo ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ojú Ìyá Àgbà. Bí a bá ti dé ibi tí ọ̀nà tóóró ti ya, wọ́n á yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á gbé ọwọ́ kan lé èjìká mi, a ó sì máa fẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé gbòǹgbò rèé, pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dúró, wọ́n á kí wa jẹ́jẹ́, wọn ò ní béèrè nǹkan kan. Bí a bá dé ibẹ̀, Ìyá Àgbà á na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á fi ìka wá àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n á fi òrí sí i, ojú wọn á sì kọ sí ojú ọ̀nà Ìjàgbò bí ẹni ń wo ibi tí eruku yóò ti yọ.

"Tì í," ni wọ́n á wí.

Èmi á tì í.

"Ṣé ó ń yí?"

"Ó ń yí, Ìyá."

"Ṣé ó dún?"

"Kò dún."

A kì í kúrò níbẹ̀ títí á fi dúró fúnra rẹ̀. Ebi máa ń pa mí, mi ò sì mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí ohun tí kò dún, tí Ìyá Àgbà kò sì rí.

Ìyá Àgbà dàgbà, wọ́n darúgbó, wọ́n sì kú lójú oorun nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga. Iwájú ilé ni sàréè tiwọn wà, àwọn ọmọ ń ta ayò lórí rẹ̀. Bàbá mi ló sin wọ́n. Nígbà tí mo délé, tí bàbá mi sì fi ibẹ̀ hàn mí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé, "Ìyá mi bímọ."

Mo ti kàwé díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fa ibà, mo mọ ohun tó ń fa èéyí, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ kì í béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, mo fi ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín, mo ní àwọn ará ilé wa ń fẹ̀yìn rìn. Lọ́dún tó kọjá, èéyí mú ọmọ mi àgbà. Mo jókòó tì í ní ọsibítù títí ara rẹ̀ fi yá. Nígbà tí a ń jáde, mo pọ̀n ọ́n bó ṣe tóbi tó, mi ò sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí a fi dé ilé. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Iléyá tó tẹ̀lé e, mo kó àwọn ọmọ lọ sílé l'Ọ̀fà. Bàbá mi, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, bu òrí sínú agolo fún mi, wọn ò sì béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo mú ọmọ mi àgbà dání lọ sí ọ̀nà Ìjàgbò. Táyà ti jẹ tán, irin nìkan ló kù. Èmi kọ́ ni mo bí Bọ̀dá Sálíù, èèwọ̀ kankan ò kàn mí. Mo wo ilẹ̀ náà, mo fi òrí sí ibi tó yẹ, mo ní kí ọmọ náà tì í.

Kí n má parọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo yí padà. Mo kàn rí i pé ojú ọ̀nà ni mò ń wò, ó gbòòrò, kò sí eruku kankan níbẹ̀.

"Ṣé ó ń yí?" ni mo bi í.

"Màmá, ẹ yíjú sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó."

Mo ní kó ṣáà sọ fún mi.